Bí Mo Ṣe Tún Ewúrẹ́ Onírin Míìsì Ṣe

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lẹ́yìn tí òjò ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rọ̀ láìsinmi, Míìsì gun kẹ̀kẹ́ wọn wá sí abẹ́ igi ọdán tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi kú."

Míìsì ni gbogbo Ìwó ń pe òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin nínú ọgbà míṣọ́ọ̀nì. Wọ́n á ti tó ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà, wọ́n ga gbọọrọ bí igi ọ̀pẹ, wọn kò sì lọ́kọ rí. Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Yéè!" Ó yí sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìgbà wo ni wọ́n ṣègbéyàwó tá ò gbọ́?"

Èmi ṣí fìlà. Ọmọ àáfà ni mí, mo mọ ohun tí à ń sọ nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn."

"Rárá, rárá," ni Míìsì wí. "Mo fẹ́ kí ẹ wá tún un ṣe."

Bàbá mi ni wọ́n máa ń pè wá wẹ òkú ládùúgbò wa, mo sì rò pé ìyẹn ló gbé Míìsì wá. Mo ní, "Mà, bàbá mi ló ń wẹ òkú. Kẹ̀kẹ́ ni tèmi. Òkú onígbàgbọ́ sì tún ni, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà."

"Kò tíì bàjẹ́ púpọ̀," ni Míìsì wí. "Àná ló kú. Mo jókòó lé e lórí, ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó kú."

Oníkẹrosíìnì pariwo, "Ẹ jókòó lé wọn lórí!"

Míìsì wò wá títí. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ò yé wa. Wọ́n bá na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó di nǹkan mú, wọ́n tẹ eékún díẹ̀, wọ́n fi ẹnu ṣe "vuuu, vuuu," wọ́n sì ń yí ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà náà ló tó yé mi. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wí! Ohùn wọn ló dúró sójú kan níbi tó ti yẹ kó wálẹ̀. Oníkẹrosíìnì sáré wọ ẹ̀yìn ilé lọ, a sì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ má fi Míìsì ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti fi ń gbìyànjú láti kọ́ èdè wa, wọn kì í sì í tijú láti sọ ọ́ níbikíbi. Ẹnìkan ti là á yé wọn pé "ẹ" ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn, nítorí náà gbogbo ohun tó bá ti lè mí ni wọ́n ń pè ní "ẹ". Mo ti fi etí ara mi gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ajá wọn pé, "Ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ bọ́ síta."

Ọkọ̀ tó kú yìí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìwó. Ìgbà tí wọ́n ti ìsinmi dé láti Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e dé, reluwé ló gbé e wá láti Èkó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ni. Ó pupa, ó ní táyà kéékèèké mẹ́rin, ó ní ìjókòó irin tó rí bí ṣíbí ìdáná ńlá, ọ̀bẹ gígùn kan sì wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ tó ń fò yípo. Míìsì á gorí rẹ̀, wọ́n á dé akẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa gbé e lọ gbé e bọ̀ lórí pápá bí ọba tó ń ṣe àbẹ̀wò. Ewúrẹ́ Míìsì làwọn ará ìlú sọ ọ́, nítorí pé koríko ló ń jẹ.

Míìsì bi mí pé, "Ẹ mọ irú rẹ̀ tún ṣe?"

Mo ní, "Dáadáa, mà."

Irọ́ gbuu ni. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí mo tíì fọwọ́ kàn rí ni alùpùpù wolé-wolé kan tó kú síwájú ilé wa. Mo bá a nu púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó jí, láti ìgbà náà ni mo sì ti ka ara mi mọ́ àwọn tó gbọ́ ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Ọjọ́ orí yẹn, kò sí ohun tí ènìyàn ò mọ̀.

Mo kọ́kọ́ yà nílé láti sọ fún bàbá mi, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lọ́wọ́. Wọ́n ronú sí i díẹ̀, wọ́n ní, "Irin kò ní ẹ̀sìn. Lọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kọrin, má bá wọn gbè é. Bí wọ́n bá sì gbé oúnjẹ fún ọ, bi wọ́n léèrè ẹran tó wà nínú rẹ̀."

Nígbà tí mo dé ọgbà, ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi aṣọ tábìlì bò ó. Bàbá kan jókòó tì í lórí àpótí, àdá wà lórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń rọra fi òkúta pọ́n ọn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ará Kuta ni bàbá yìí, àwọn ni olórí àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó ń fi àdá gé koríko ọgbà náà kí ewúrẹ́ onírin tó dé. Míìsì kò lé wọn. Oko iṣu ilé-ìwé ni wọ́n kó wọn lọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń dun bàbá. Inú wọn ń dùn lọ́jọ́ náà bíi ti ẹni tí wọ́n wá sìnkú ọ̀tá rẹ̀.

"O wá wo aláìsàn?" ni wọ́n bi mí.

"Mo wá wò ó, bàbá."

"O pẹ́. Ọjọ́ tó dé ni mo ti sọ pé ohun tí kò ní ojú, tí kò ní etí, kò lè mọ koríko yàtọ̀ sí òdòdó."

Míìsì ti dé, wọ́n ń ṣàlàyé fún mi pé ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ làwọn òbí àti àwọn àlejò yóò wá wo eré sísá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo wo pápá. Koríko ti kan ènìyàn léékún. Bí ọmọ kan bá ṣubú níbẹ̀, àfi kí wọ́n fi igi wá a.

Mo bẹ̀rẹ̀ síbi tí mo mọ̀. Mo fa okùn tí wọ́n fi ń jí ẹ̀rọ náà. Ó ní "gìrì-gìrì-pẹ̀", ó dákẹ́. Mo tún un fà títí apá fi ń ro mí. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, mo fi wáyà họ ọ́ títí ó fi ń dán. Ó wá kù kí n mọ̀ bóyá iná ń wá sẹ́nu rẹ̀. Wolé-wolé ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí: èèyàn á mú púlọ́ọ̀gì lé ara irin ẹ̀rọ, ẹlòmíràn á fa okùn, iná á sì ta pàrà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ó fi àkísà gbígbẹ di tirẹ̀ mú.

Mo fi ọwọ́ lásán di púlọ́ọ̀gì mọ́ ara irin, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fa okùn yẹn."

Bàbá gbé àdá sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀. "Ṣé kí n fà á gidi?"

"Ẹ fà á gidi."

Wọ́n fà á bí ẹni tó ń fa òkété jáde nínú ihò. Nǹkan kan gbá mi láti ìka títí dé ẹ̀yìn ọrùn, sípánà fò lọ́tọ̀, fìlà fò lọ́tọ̀, èmi náà sì bá ara mi ní ìjókòó lórí koríko, mo ń pe "Lá ìláha illalláhù" sókè ketekete, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì ilé-ìwé.

Míìsì sáré dé. "Kí ló dé? Kí ni wọ́n ń sọ?"

Bàbá dá wọn lóhùn láìrẹ́rìn-ín pé, "Àdúrà ni."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Míìsì wí. "Kò sí iṣẹ́ tí kò fẹ́ àdúrà."

Bí ara ṣe ń gbọ̀n mí tó, inú mi dùn. Iná wà. Ẹ̀rọ tó bá níná tí kò ṣiṣẹ́, epo ni kí á lọ wò. Mo tú kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé. Ife kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Omi ni! Omi pẹ̀lú ẹrẹ̀ díẹ̀. Mo bi Míìsì níbi tí wọ́n ń tọ́jú pẹtiróòlù sí, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Agolo náà wà lábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀, kò ní ìdérí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni òjò fi ń rọ̀ sínú rẹ̀.

"Mà," ni mo wí, "omi lẹ ń fún un mu."

Ojú tì wọ́n. Wọ́n yí sí ẹ̀rọ náà, wọ́n ní, "Ẹ má bínú." N kò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bẹ̀ tàbí ẹ̀rọ.

A da gbogbo omi náà nù, a fọ kabúrétọ̀, a wá epo tó dáa. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ bú, "bùùù!" àwọn ẹyẹ orí máńgòrò sá lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ojú bàbá kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Míìsì gun orí ìjókòó, wọ́n gbé ọ̀pá jíà. Ẹ̀rọ ń bú, Míìsì ń gbọ̀n lórí rẹ̀ bíi jẹ́lì, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan.

Bàbá tún mú àdá wọn. Mo gbọ́ tí òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í dún lára rẹ̀, ṣẹ́-ṣẹ́-ṣẹ́.

Mo dùbúlẹ̀, mo yọjú wo abẹ́ ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì tó yẹ kó gbé agbára láti ara ẹ̀rọ lọ síbi táyà ti já sí méjì, ó rọ̀ sílẹ̀ bí ejò tí wọ́n pa. Ó ti gbó tẹ́lẹ̀; ìjàkadì ọjọ́ tó mu omi ló pa á tán. Ìyẹn yé mi kíá. Kẹ̀kẹ́ tí ṣéènì rẹ̀ já ni. Ṣùgbọ́n níbo ni mo ti fẹ́ rí bẹ́líìtì? Míìsì ní àwọn á kọ̀wé sí Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé e bọ̀, eré sísá sì ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ta ló gbà mí sílẹ̀? Bàbá aládàá ni. Wọ́n ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ìyá ọlọ́lọ ní Kuta ní irú okùn dúdú bẹ́ẹ̀ lára ẹ̀rọ wọn. Àlòkù rẹ̀ kún ẹ̀yìn ilé." Bí wọ́n ti sọ ọ́ tán ló jọ pé wọ́n kábàámọ̀.

Ọjọ́ Rú, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kuta. Ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ gbàgúdá àti ata náà jẹ́ ènìyàn ńlá, ariwo ẹ̀rọ ti jẹ́ kí etí wọn wúwo, nítorí náà igbe ni wọ́n fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀.

"Bẹ́líìtì ni mo wá tọrọ, ìyá!"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ewúrẹ́ Míìsì ni!"

"Ewúrẹ́?" Wọ́n pa ẹ̀rọ wọn láti lè gbọ́ dáadáa. "Ṣé okùn ti tán nílùú Ìwó tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀?"

Ó gbà mí ní àkókò kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Nígbà tó yé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú, wọ́n ní kí n lọ mú èyí tó bá wù mí nínú àwọn àlòkù. Mo bá ọkọ wọn lẹ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti fi dúpẹ́, mo so bẹ́líìtì kọ́ ọrùn, mo gba Ìwó lọ.

Bẹ́líìtì gùn jù. Mo ti fi okùn wọn ti àkọ́kọ́ kí n tó lọ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí tó wà ní Kuta, kò sí èyí tó kúrú tó o. Nígbà tí mo fi bọ̀ ọ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ń fì dìrọ̀dìrọ̀. Mo jókòó, mo ronú. Bí mo bá gé e tí mo rán an, yóò já. Lójijì ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lórí: mo lọ́ bẹ́líìtì náà láàárín, ó ṣe àgbélébùú bí okùn tí wọ́n fi di ìdì igi, mo tún un fi bọ̀ ọ́. Ó le dáindáin! Mo pa á lọ́wọ́, ó dún bíi okùn gìtá. N kò tíì rí ọlọ́gbọ́n bíi tèmi rí láyé.

Ọ̀bẹ abẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù, mo ti tú u kalẹ̀ kí n lè ráyè ṣiṣẹ́. Bàbá mú un, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò, inú bí wọn gan-an.

"Èyí lẹ fi ń gé koríko láti ọjọ́ yìí? Èyí ò lè gé ẹ̀kọ!" Wọ́n gbé e lọ síbi òkúta wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn. Wọn kò fẹ́ràn ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n wọn kò lè fara da irin tí kò mú.

Mo jí ẹ̀rọ. Mo ní kí Míìsì bọ́ sórí rẹ̀. Bàbá wí láti ibi tí wọ́n wà pé, "Ẹni tó se ọbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò." Míìsì ní òótọ́ ni. Mo gun orí ìjókòó, mo tún fìlà dé, mo kọjú sí pápá, mo gbé ọ̀pá jíà.

Ẹ̀rọ gbéra. Sẹ́yìn ni ó gbà.

Mo rò pé ọ̀pá ni mi ò gbé dáadáa. Mo tì í síwájú sí i. Ẹ̀rọ tún yára sẹ́yìn sí i. Mo ń wo Míìsì àti máńgòrò tí wọ́n ń jìnnà sí mi. Mo gba àárín ebè òdòdó kọjá, mo gbọ́ tí ìkòkò òdòdó fọ́. Lẹ́yìn náà ni ayé funfun mọ́ mi lójú: mo ti wọ inú aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n sá sórí okùn. Bí mo ṣe tún rí ìmọ́lẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo rí, tí àwọn náà rí mi, tí mo ń fi ẹ̀yìn gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá pẹ̀lú aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́rùn. Orin dá. Ọ̀gán ńlá kan, ilé ikán, ló gbà mí nígbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ kọlù ú, ó wúkọ́, ó kú.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọ̀bẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ bàbá.

Míìsì dé pẹ̀lú eré, wọ́n yẹ̀ mí wò bóyá egungun mi pé. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó pé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí ilẹ̀, akẹtẹ̀ wọn sì yí lọ. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ni wọ́n fi bo ẹnu. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ohun tí mo ṣe: bẹ́líìtì tí mo lọ́, ọ̀nà tí táyà ń gbà yí ló yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ní, "Mà, mo ti bà á jẹ́."

Míìsì nu ojú. "Ọ̀bẹ ńkọ́? Ṣé òun náà á máa yí sẹ́yìn?"

Mo wò ó. Bẹ́líìtì ọ̀tọ̀ ló ń yí ọ̀bẹ, mi ò sì fọwọ́ kàn án. "Rárá, mà. Ọ̀bẹ á ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa rìn sẹ́yìn. Koríko kò mọ̀."

Mo so ọ̀bẹ padà sábẹ́ ẹ̀rọ. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ẹ̀yìn gé pápá náà láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Míìsì kò lè yí ọrùn pẹ́, nítorí náà bàbá ló ń ṣáájú wọn, tàbí kí n sọ pé bàbá ló wà lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń fẹ̀yìn rìn tí wọ́n sì ń pariwo. "Ọ̀tún! Ọ̀tún díẹ̀! Ó tó! Òkúta wà níbẹ̀, ẹ yà fún un!" Míìsì ń dáhùn pé, "Ẹ ṣé o, ẹ ṣé o." Ọ̀bẹ tí bàbá pọ́n ń fá koríko bí ẹni ń fárí ìkókó. Èmi ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú sípánà, n kò sì mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sá lọ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni bẹ́líìtì Kuta pa ara rẹ̀. Ibi tí mo ti lọ́ ọ ló ti ń ha ara rẹ̀ jẹ, èéfín rú, ó já. Ìdá kan nínú mẹ́ta pápá náà ṣì kù. Mo lọ kírun Jímọ̀ pẹ̀lú ọkàn tó wúwo. Ìgbà tí mo padà dé, mo bá bàbá àti àwọn ọkùnrin wọn mẹ́fà lórí ìlà, àdá ń lọ sókè ń bọ̀ sílẹ̀. Bàbá ju àdá kan sí mi.

"Wá bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí. "Èyí kì í rìn sẹ́yìn."

Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, a ti gé e tán. Ìka mi léròrò. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò pé, àwọn ọmọ sáré, kò sí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí a fi gé ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni bẹ́líìtì tòótọ́ dé láti Amẹ́ríkà, nínú àpò ìwé pẹlẹbẹ, pẹ̀lú ìwé tó ní àwòrán. Mo fi í bọ̀ ọ́ láì lọ́ ọ. Míìsì ní kí n gùn ún wò, mo kọ̀. Bàbá bá dìde lórí àpótí wọn, wọ́n ní àwọn á gùn ún. A rò pé àwàdà ni. Wọ́n ṣí fìlà wọn fún mi dì mú, wọ́n gun orí ìjókòó, wọ́n sì gba ìlà kan láti orí pápá dé ìdí rẹ̀ ní títọ́ bíi okùn. Wọ́n yí padà, wọ́n tún gba òmíràn. Nígbà tí Míìsì pè wọ́n pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, wọ́n ṣe bí ẹni pé ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti di tiwọn. Wọ́n ń nù ún láràárọ̀, wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, wọ́n kọ́ ilé kékeré fún agolo pẹtiróòlù kí òjò má baà kàn án. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ débi pé ó lé ní ọdún kan tí kò bàjẹ́ rárá. Mo máa ń wá ìdí láti gba ẹ̀bá ọgbà míṣọ́ọ̀nì kọjá. Mo máa ń rọra wa kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, mo máa ń dẹtí sílẹ̀, bóyá yóò wúkọ́ díẹ̀, kí wọ́n lè ránṣẹ́ pè mí. Ìró rẹ̀ á máa lọ geere láti òdì kejì ògiri, kò sì kọsẹ̀.